Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba ojú títì wá àti ẹni tí ó gba ẹ̀bá odò wá, ìdí àtẹ kan náà ni wọn yóò ti pàdé. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbe ọ̀rọ̀ kan lẹ́sẹ̀ lóde òní nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé etí ni, àwọn ẹ̀ka kẹta sì wà tí ó jẹ́ pé bí ọwọ́ wọn kò bá kan nǹkan, nǹkan náà kò lè yé wọn títí láé. Wọ́n ní kí olùkọ́ wádìí ọ̀nà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà, kí ó sì máa bá a gba ibẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọ òtítọ́ ni òtítọ́. Ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọjọ́ ọ̀la ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó so mọ́ ọn.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn sí. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, a ó rí ọmọ tí ó gbọ́ ewì lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì kà á láìwo ìwé lọ́jọ́ kejì. A ó rí èkejì tí kò lè rántí ìlà mẹ́ta nínú ewì náà, ṣùgbọ́n tí ó lè ya àwòrán ọkàn ènìyàn àti àwọn iṣan rẹ̀ láìṣì í. A ó sì rí ẹ̀kẹta tí kò mọ èyíkéyìí ṣe dáadáa nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun ni gbogbo àdúgbò ń gbé rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ tọ̀ lọ. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata lọ́jà lè ti mọ iye ṣéńjì tí ó kù kí ọmọ ẹlòmíràn tó rí bébà tí yóò fi ṣírò rẹ̀. Ilé tí a ti tọ́ ọmọ, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀, àti ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, àwọn ni ó ń fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Olùkọ́ tí ó bá di ojú sí wọn, tí ó kàn ń da ẹ̀kọ́ sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ, tí ó ní kí ẹni tí ó bá lè ṣà á máa ṣà á, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni ibi tí a ti ń sọ ìyàtọ̀ di ẹ̀wọ̀n. Ó wọ́pọ̀ kí bàbá kan wo ọmọ rẹ̀ tí ó gbé ipò ìkẹyìn lọ́dún méjì léra wọn, kí ó sì sọ níṣojú gbogbo ẹbí pé orí èyí kò gba ìwé, ọwọ́ ni Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ṣe ìbàjẹ́ méjì. Ó ṣe ìbàjẹ́ sí ọmọ, nítorí pé ẹni tí a ti sọ fún pé olódo ni kì í pẹ́ tí yóò fi máa rìn bí olódo. Ó sì ṣe ìbàjẹ́ sí iṣẹ́ ọwọ́, bí ẹni pé ilé iṣẹ́ mẹ́káníìkì jẹ́ ààtàn tí a ń da àwọn tí kò ní ọpọlọ sí. Ta ni ó sọ pé ẹni tí yóò tẹ́tí sí ẹ̀rọ ọkọ̀, tí yóò sì mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà, kò lo ọpọlọ? Ìbàjẹ́ kẹta tún wà tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé ojú ni ó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, kò ní tẹ́tí sílẹ̀ mọ́ nígbà tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀. Yóò ní ẹ̀dá òun ni. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún un ti wá di ìrọ̀rí tí ó ń sùn lé.

Kí a tó gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń pín ọmọ sí ẹ̀ka ẹ̀ka yìí, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn tí ó ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kí ilé-ìwé tó dé. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére. Iṣẹ́ wọn ní ìpele mẹ́rin, orúkọ sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ọnà lílé: a ó gé igi náà ní gbàǹgbà gbàǹgbà títí a ó fi mọ ibi tí orí wà, ibi tí àyà wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà. Èkejì ni àlétúnlé: a ó tún àwọn gbàǹgbà náà gé sí wẹ́wẹ́, tí imú, etí àti ọwọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ̀kẹta ni dídán: a ó fi irin mímú mú gbogbo ara ère náà jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: a ó fín irun, ilà ojú àti ọnà aṣọ sí i lára. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni a ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Yóò kọ́kọ́ máa wo ọ̀gá. Yóò máa gbọ́ ìdí tí igi ọmọ fi yàtọ̀ sí ìrókò lójú irin. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, tí yóò gé e bà jẹ́, tí ọ̀gá yóò sì fi ibi tí irin ti ṣìnà hàn án. Kò sí agbẹ́gilére kan tí ó bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá ojú ni ó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí ọwọ́. Iṣẹ́ náà ni ó ń bèèrè fún méjèèjì.

Ìtàn Lámídì Fákẹ́yẹ fi èyí hàn kedere. Ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, irin kò sì ṣàjèjì sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ìparí àwọn ọdún 1940, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti ọdún 1947, ó tún jókòó ti George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọnà wà lára òun, nítorí náà òun kò nílò ọ̀gá. Ọ̀nà ìrẹ̀lẹ̀ yìí ni ó gbà di ẹni tí a mọ̀ kárí ayé, tí ó sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní Yunifásítì Ifẹ̀, kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2009. Bí a bá bí ènìyàn sínú iṣẹ́, ó ṣì kù kí ó kọ́ iṣẹ́ náà.

Lọ́dọ̀ àwọn onílù, ètò náà yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òye kan náà ni. Ọmọ Àyàn kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlù kéékèèké tí ń gbè é ni yóò kọ́kọ́ máa lù, tí yóò máa tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sí òde ìyàwó àti òde ìsìnkú. Etí ni olórí níhìn-ín, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà nínú èdè Yorùbá ni dùndún ń sọ, ẹni tí etí rẹ̀ kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò fi ìlù bú ọba níbi tí ó ti fẹ́ kí i. Ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fún ọsán mọ́ra àti bí a ti ń dẹ̀ ẹ́, èkejì gbọ́dọ̀ mọ bí kọ̀ǹgọ́ ti ń balẹ̀ lójú awọ. Ojú gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tí ń wọlé bọ̀ àti bí ẹlẹ́sẹ̀ ijó ti ń gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, oríkì ìran tí a fẹ́ lù gbọ́dọ̀ wà nínú, nítorí pé a kì í fi ìlù sọ ohun tí a kò mọ̀.

Ọmọ awo ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ ìrántí tí ó lè dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga kankan. Odù 256 ni ó wà nínú Ifá: 16 ni ojú odù, 240 sì ni àwọn ọmọ odù. Odù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ. Ẹnì kan lè rò pé kí a máa kà á, kí a máa tún un kà, ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ awo yóò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sánlẹ̀, yóò sì fi ojú mọ odù tí ó hù. Yóò gba ẹsẹ lẹ́nu ọ̀gá, yóò kà á padà láìsí ìrànlọ́wọ́, ọ̀gá yóò sì tọ́ ibi tí ó bá ti ṣì í. Yóò bá ọ̀gá ru àpò lọ sí ilé àwọn tí ń dífá, yóò sì rí bí a ti ń mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ìṣòro ọ̀tun mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbà. Etí, ẹnu, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ó fi ń kọ́ ọ.

Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀kọ́ kan jáde níbẹ̀ tí àwọn tí ń pín ọmọ sí ẹ̀ka kò kà sí. Irú ohun tí a fẹ́ kọ́ ni ó ń yan ọ̀nà, kì í ṣe irú ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ọ nìkan. Kò sí bí ojú ọmọ ti lè dára tó tí yóò fi ojú kọ́ orin. Kò sí bí etí rẹ̀ ti lè já gaara tó tí yóò fi etí mọ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó bá sì ka ìwé nípa odò wíwẹ̀ fún odidi ọdún, bí ó bá bọ́ sódò lọ́jọ́ kìíní, yóò mu omi.

Àwọn onímọ̀ òde òní náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Harold Pashler, Mark McDaniel, Doug Rohrer àti Robert Bjork, kó àwọn ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Wọ́n gbà pé olúkúlùkù ní ọ̀nà tí ó fẹ́ràn láti gbà kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tí ó tó láti fi sọ pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ọ̀nà tí ó fẹ́ràn nìkan, yóò mọ̀ ju bí a bá kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn lọ. Ohun tí ènìyàn fẹ́ràn àti ohun tí ó ṣe é láǹfààní kì í fi gbogbo ìgbà jọ rìn. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ṣúgà kò sọ pé kí ìyá rẹ̀ má fi ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè wá sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a pa ìwé tì, kí a jẹ́ kí ìrírí nìkan máa kọ́ ọmọ, nítorí pé ìrírí ni àgbà olùkọ́. Èyí náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹsẹ̀ tí ó ti ń tọ ọ̀nà oko láti ọgbọ̀n ọdún kò ní kí ojú ti rí gbogbo ohun tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. John Dewey, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, sọ nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní ọdún 1938 pé òótọ́ ni pé inú ìrírí ni ẹ̀kọ́ ti ń wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrírí ni ó ń kọ́ni. Òmíràn wà tí ó ń ba ènìyàn jẹ́. Àwọn àgbà Yorùbá ti fi òwe kúkúrú sọ irú ọ̀rọ̀ yìí: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì ni ó ṣubú, àwọn méjèèjì ni ó ní ìrírí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ẹ wo àgbẹ̀ méjì tí ń gbin kòkó. Bí a bá fọ́ kòkó tán, a máa ń bo hóró rẹ̀ mọ́ inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, a ó máa yí i láàárín ìgbà náà, kí a tó sá a sí oòrùn. Ẹni tí ó bá kánjú sá a, bí a bá fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀, inú rẹ̀ yóò ní àwọ̀ eérú, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ méjèèjì yìí kánjú, a sì dá kòkó àwọn méjèèjì padà. Èkíní ṣépè fún ẹni tí ó yẹ kòkó náà wò, ó ní ọ̀tá òun ni ó rán an. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tún ṣe bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀, a sì tún dá a padà. Èkejì mú hóró tí a là náà lọ sílé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ka iye ọjọ́ tí ó fi bò ó, ó bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè iye ọjọ́ tí òun fi bo tirẹ̀. Ó pinnu pé ọjọ́ ni kò pé. Ní ìgbà ìkórè kejì, ó bo apá kan fún ọjọ́ mẹ́fà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ là á, ó sì rí ìyàtọ̀. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ yìí ti ní ohun tí ó lè fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Èkíní kò ní nǹkan kan ju ìbínú lọ.

Ohun tí àgbẹ̀ kejì ṣe yìí ni David Kolb, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1984. Ó ní ẹ̀kọ́ tí ń ti inú ìrírí wá ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, kí ó bojú wẹ̀yìn wò ó, kí ó fa òye yọ nínú rẹ̀, kí ó sì fi òye náà dán iṣẹ́ mìíràn wò. Lẹ́yìn èyí, nǹkan tuntun yóò ṣẹlẹ̀, ìrìn náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí ìgbésẹ̀ kìíní ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá dá ìwé ìdánwò padà, máàkì tí wọ́n gbà ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo ibi tí pẹ́ńsù pupa ti fàlà sí. Máàkì kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ibi tí a fàlà sí ni olùkọ́ wà.

Ó tún yẹ kí a rántí pé kì í ṣe ìrírí ara ẹni nìkan ni ó ń kọ́ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Kò pọn dandan kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́ ní tútù kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ti lọ ṣáájú ti rí i pé bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án, yóò di oúnjẹ tí ó dára. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn tí ó ti oko ẹrú ní Brazil padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tí ó tan iṣẹ́ gàrí kálẹ̀ ní etí òkun wa. Nínú ìkúùkù gàrí kan, ìrírí àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ni à ń jẹ. Ìwé náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìrírí àwọn ẹlòmíràn ni, tí a yan tí a sì dì sápò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìrírí ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ ìwé, kò mọ ohun tí ó kọ̀.

Ṣùgbọ́n àpò náà gbọ́dọ̀ ṣeé tú. Bí èdè tí a fi kọ́ ọmọ bá jẹ́ èdè tí kò gbọ́, a ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìrírí tí ó gbé wá láti ilé. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi wọ́n wé gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta. Nígbà tí a yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní ohun tuntun láti inú ohun tí ó ti mọ̀ ni ó ń lóye. Bí a bá ń wá ìdí tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ ọmọ ní olódo, kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí a sọ.

Kí ni ó wá yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe? Ohun kìíní ni kí ó má ṣe gba orúkọ tí yóò há a mọ́ ọ̀nà kan. Bí ìwé bá sọ nípa iṣan ewé, kí ó ka ìwé náà, kí ó já ewé kan lẹ́yìnkùlé, kí ó gbé e sókè sí oòrùn, kí ó yà á, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ohun kejì ni kí ó mọ̀ pé kíkà ní àkàtúnkà kì í ṣe ìmọ̀. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ka àyọkà kan, wọ́n sì tún un kà. Àwọn mìíràn kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó ń léwájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé ni ó rántí jù. Ọmọ awo tí ń ka ẹsẹ padà níwájú ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe èyí kí a tó bí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Ohun kẹta ni kí ó máa wo ẹ̀yìn wò bí ó bá ṣubú, kí ó kọ ohun tí ó fà á sílẹ̀, kí ó sì tún un ṣe lọ́nà mìíràn.

Àwọn olùkọ́ kan yóò dáhùn pé kíláàsì kún, àkókò kò sí, ìdánwò sì ń bọ̀. Òtítọ́ ni, ẹrù náà wúwo. Ṣùgbọ́n kò ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀ kan láti mú òkúta wá sí kíláàsì níbi tí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta, tàbí láti sọ fún ọmọ tí ó ṣe àṣìṣe pé kí ó sọ bí ó ti rò ó kí ó tó nà án lẹ́gba. Àwọn òbí náà ní tiwọn. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ mú un lọ, kì í ṣe pẹ̀lú ìtìjú. Bí ó bá sì ń fìdí rẹmi nínú ìwé, kí wọ́n wádìí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ kí wọ́n tó dájọ́ orí rẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, bí odò bá kún bo ọ̀nà náà lọ́jọ́ ọjà, ilé ni yóò jókòó sí. Ẹni tí ó mọ mẹ́ta yóò gba ibòmíràn. Ọmọ tí a bá kọ́ láti fi ojú, etí, ọwọ́ àti ìrònú kọ́ ẹ̀kọ́, kò sí iṣẹ́ tí yóò dé iwájú rẹ̀ lọ́la tí kò ní rí ibi tí yóò gbà wọ inú rẹ̀.